Ìyá Àgbà Tí Kò Jẹ́ Ká Sinmi Lọ́jọ́ Thanksgiving

Níbi ìsìnkú ìyá àgbà mi, ẹnu gbogbo ènìyàn kò lórí ọ̀rọ̀ kan: wọ́n ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àlùfáà sọ ọ́, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sọ ọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n tọ́ nílé-ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́ sọ ọ́ tomijé-tomijé. Mo jókòó níwájú, mo ń wo Mọ́mì, Mọ́mì sì ń wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí àwa méjèèjì ń rò. Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Ẹni tó bá pe Màmá Àbẹ̀kẹ́ ní ènìyàn jẹ́jẹ́ kò bá wọn gbé abẹ́ òrùlé kan rí nínú oṣù kọkànlá ọdún.

Èmi bá wọn gbé ibẹ̀. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rántí ẹni tó ti lọ, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó lọ gan-an, ká má lọ rántí ẹlòmíràn.

Àwọn ló bí Mọ́mì. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, mátírọ́nù ni wọ́n nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ọ̀yọ́. Àwọn ló ń lu agogo ìdájí, àwọn ló ń yẹ abẹ́ ibùsùn wò, àwọn ló ń mọ ọmọ tí àìsàn ń ṣe lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń sá fún iṣẹ́. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Mọ́mì ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Fort Washington, ní Maryland, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, àbúrò mi Káyọ̀dé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méje ni. Màmá kó aṣọ wọn dé, wọ́n kó Bíbélì wọn dé, wọ́n sì kó ìwà mátírọ́nù wọn dé pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò sẹ́ni tó rántí sọ fún wọn pé kí wọ́n fi sílé.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, ní ilé-ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sílé. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wà lórí ìdúró. Nínú gbogbo ọdún, ìgbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n máa ń retí bí ọmọdé ṣe ń retí Kérésì: ìgbà tí ewé igi bá ń pọ́n, tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, láti Halloween ní ìparí oṣù kẹwàá títí dé Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù kọkànlá. Wọ́n ti rí bí ilé àwọn ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà náà nínú àwọn ìwé ìròyìn aláwòrán tó wà ní yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń jẹun. Élégédé lẹ́nu ọ̀nà. Òdòdó gbígbẹ lára ilẹ̀kùn. Àbẹ́là tó ń ta sánsán bí ápù. Odidi tòlótòló lórí tábìlì, kí gbogbo wa wà nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe iṣẹ́ kankan. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pòròpórò bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ra ìdì pòròpórò àgbàdo lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó máa ń pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi odindi ọjọ́ Sátidé tí wọn kò ní iṣẹ́ so ó mọ́ òpó méjèèjì ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n fi aṣọ pupa dì í láàárín, wọ́n rìn padà dé etí títì kí wọ́n lè wò ó láti òkèèrè. Inú wọn dùn débi pé wọ́n kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí a ti ilé-ìwé dé, òpó ti wà lásán. Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti tú u, wọ́n ti kán an sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti kó o sínú ọ̀rá dúdú, ọkọ̀ akólẹ̀ sì ti gbé e lọ.

Nígbà tí Mọ́mì dé, ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò ni wọ́n dúró sí, wọn ò tíì tì í. Wọ́n béèrè ibi tí pòròpórò wà. Màmá ní àwọn ti bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́, pé ó jọ pé ẹni tó kó o síbẹ̀ gbàgbé rẹ̀ ni. Mọ́mì ṣàlàyé pé ọ̀ṣọ́ ni, pé gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. Màmá wo àdúgbò lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì, wọ́n rò ó dáadáa. Wọ́n wá ní, "Bísí, iná la máa ń fi pòròpórò dá. Ìwọ lọ rà á, o wá so ó mọ́ ilé."

Mọ́mì kò tún so nǹkan mọ́ òpó mọ́. Ọ̀ṣọ́ wọn wọ inú ilé, níbi tí wọ́n rò pé apá Màmá kò ní tó o. Wọ́n to ápù, èso àjàrà àti àwọn élégédé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sínú abọ́ onígi tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó wọn, wọ́n gbé e sí àárín tábìlì ìjẹun, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìjọ Áńgílíkà tí a ń lọ nígbà náà máa ń ṣe Ìkórè ní àkókò kan náà. Lọ́jọ́ Ìkórè ọdún yẹn, Màmá sọ pé kí Dádì kọ́kọ́ gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tàwọn, pé àwọn ní ohun tí àwọn fẹ́ ṣe. Nígbà tí a wá wọlé, tí wọ́n pe àwọn tó mú ọrẹ wá, Màmá ló ṣáájú. Wọ́n ń jó bọ̀ ní àárín gbọ̀ngán, abọ́ onígi Mọ́mì wà lórí wọn pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rí i bí Mọ́mì ṣe di ìjókòó iwájú wọn mú. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá ń lu ọrẹ náà ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, Dádì ló ra abọ́ wa padà.

Nínú mọ́tò, Mọ́mì ní àwọn fi ìyẹn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí Thanksgiving ni, kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tábìlì ni?"

Halloween tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò wa, bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bá ti lẹ́, àwọn ọmọdé á wọ oríṣiríṣi aṣọ, wọ́n á bo ojú, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, onílé á sì fún wọn ní súìtì. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí Màmá dé, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ti da súìtì sínú abọ́ sílẹ̀, wọ́n ní èmi ni kí n máa pín in. Màmá gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ró ìró lé aṣọ òtútù, wọ́n jókòó bí adájọ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ dé gbé agbárí òkú bojú. Màmá ní kó ṣí i. Ọmọ náà wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí i. Màmá béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un ṣe wálé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tó mú súìtì ẹyọ kan lé e lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Kò pẹ́ tí ìlà fi gùn dé títì. Àwọn òbí ń wo aago. Káyọ̀dé, tó ti wọ aṣọ akọni tó ń fò lójú ọ̀run, jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún pé kò sẹ́ni tó máa mú òun jáde. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa, Mísì Dórótì, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún Màmá pé ọ̀pọ̀ ilé ló kù táwọn ọmọ fẹ́ dé, pé kí wọ́n kàn máa fún wọn ní nǹkan kí wọ́n máa lọ. Màmá ní kí n túmọ̀ èsì wọn fún un bí àwọn ṣe sọ ọ́ gan-an: "Ọmọ tí n kò rí ojú rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa á?"

Ní ọjọ́ kejì, Káyọ̀dé wá élégédé rẹ̀ tì. Òun àti Dádì ló jọ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí a débi oúnjẹ alẹ́, a rí i. Màmá ti bó o, wọ́n ti gé e, wọ́n ti sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Élégédé tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ kì í dùn, omi lásán ni, ẹ̀wà náà sì dà bí ohun tí òjò rọ̀ sí. Dádì jẹ tiwọn tán. Káyọ̀dé ní òun kò lè jẹ ọ̀rẹ́ òun. Màmá rọra ti abọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé dànù. Ìyókù kò mọ̀ ọ́."

Mò ń sọ ọ́ báyìí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà náà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ilé tí o kò ti lè gbé nǹkan kalẹ̀ kí o bá a níbẹ̀, ó máa ń sú ènìyàn.

Tòlótòló ló wá mú Mọ́mì sunkún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé kó o kàn gbé ẹran sínú ófùnù ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ bíi mélòó kan ni Mọ́mì fi yọ́ yìnyín ara rẹ̀ nínú fíríìjì. Wọ́n fi bọ́tà àti ewé olóòórùn dídùn ra abẹ́ awọ rẹ̀, wọ́n fi bébà bò ó, wọ́n sọ fún wa pé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa yan án lódidi, pé ẹni tí Dádì ń bá ṣiṣẹ́ ní DC, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Nígbà tí Mọ́mì jí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn kọ́rì àti taìmù ló pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn. Màmá ti gé tòlótòló náà kélekèle. Ó ti ń hó nínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Mọ́mì jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n gbé ẹ̀yìn ti fíríìjì, omi ń bọ́ lójú wọn. Màmá ro ìkòkò. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn lóòótọ́. Wọ́n ní, "Ta ni yóò jẹ ẹran tí iyọ̀ kò dé egungun rẹ̀?"

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Mọ́mì lọ fi tòlótòló pamọ́ sínú fíríìjì Mísì Dórótì. Wọ́n yan án nílé tiwa, ó pọ́n, ó ń dán, ó rí bí èyí tó wà nínú ìwé ìròyìn gẹ́lẹ́. Màmá kò bá wọn jà. Wọ́n kàn din adìẹ tiwọn, wọ́n ro ata lé e, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Àwọn àlejò já tòlótòló wò díẹ̀díẹ̀, wọ́n yìn ín, wọ́n sì jẹ adìẹ títí abọ́ fi gbófo. Ní tòótọ́, tòlótòló náà gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Màmá dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì jẹ́ odindi. Wọ́n ní, "Ó dára láti wò."

Ní ti ìsinmi, Màmá kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Dádì máa ń wa mọ́tò láti Fort Washington lọ sí ọ́fíìsì wọn ní DC, ní àárín ọkọ̀ tó ń rìn bí ìgbín, lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Thanksgiving, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n nà gbalaja sórí sófà, kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù. Màmá á wá gbá abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á nu tẹlifísàn nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan Dádì níwájú orí, wọ́n á ní, "Bàbá Tọ́lá, ṣé kò sí o?" Ọkọ ọmọ kò lè dá ìyá ìyàwó rẹ̀ lóhùn bó ṣe wù ú. Dádì á dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ tún nǹkan ṣe ní gárèèjì. Inú mọ́tò ni wọ́n máa ń jókòó sí níbẹ̀, wọ́n á yí àga sẹ́yìn, wọ́n á máa gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Ó tó ọdún bíi mélòó kan tí a fi rò pé Màmá kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n bu oúnjẹ, wọ́n gbé ẹran tó tóbi jù lé e, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní, "Gbé e fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò."

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Màmá ló ń lọ aṣọ iṣẹ́ Mọ́mì. Aṣọ nọ́ọ̀sì kò ní kí á lọ̀ ọ́, ó kàn ń ti inú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ jáde ni. Síbẹ̀ Màmá á lọ̀ ọ́ títí ìlà á fi dúró lára ṣòkòtò bí ti ọmọ ilé-ìwé. Mọ́mì ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá kò dẹ́kun. Bí Mọ́mì bá sì dé, Màmá ló ń kúnlẹ̀ tú okùn bàtà wọn. Ìyẹn gan-an máa ń bí Mọ́mì nínú, pé ìyá ẹni kì í kúnlẹ̀ fún ni. Wọ́n á máa fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, báyìí ni ìjà á tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an wá rèé. Lọ́dún náà, ipò olórí nọ́ọ̀sì ṣí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù Mọ́mì. Iṣẹ́ ojúmọmọ ni, kò ní òru, kò ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti ń wá irú rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ti fi yé wọn pé ojú wà lára wọn. Nítorí náà, bí ilé-ìwòsàn bá pè, wọn kì í sọ pé rárá. Ní ọdún méjì tó ṣáájú, ọjọ́ Thanksgiving gan-an ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n lọ, àwa sì jẹun láìsí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti tọrọ àyè ọjọ́ náà láti ìgbà ooru, wọ́n sì ti fún wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ wọn fi wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò fẹ́ bọ́ mọ́. Màmá rí i. Wọn kò sọ nǹkan kan, èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Mọ́mì ń wẹ̀ lókè. Dádì ti mú Káyọ̀dé lọ sí Langley Park láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata rodo. Èmi ń bó ọ̀dùnkún ní ilé ìdáná. Fóònù tó so mọ́ ògiri dún. Màmá kì í gbé fóònù, wọ́n máa ń ní àwọn kò gbọ́ ohun tí àwọn òyìnbó ń fi imú sọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gbé e. Wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé rẹ̀ nìyí. Wọ́n tún tẹ́tí pẹ́. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe kedere, bí ẹni tó ń bá ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni àwọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní wá lónìí, ó ń sinmi, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹni tó wà lórí fóònù tún sọ nǹkan. Màmá bi í bóyá ó ní ìyá. Wọ́n dúró gbọ́ èsì rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn kí i, wọ́n sì gbé fóònù kalẹ̀.

Wọ́n fa okùn fóònù yọ lára ògiri. Wọ́n gbé báàgì Mọ́mì, tí fóònù alágbèéká wọn wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ tì í mọ́ yàrá tiwọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo ṣì di ọ̀bẹ mú. Wọ́n ní, "Ọ̀dùnkún lo ń bó. Máa bó o."

Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ilé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí àwọn tó gbé tòlótòló sínú ófùnù. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí oorun fi gbé wọn lọ. Màmá bọ́ ìpele èjìká tiwọn, wọ́n fi bo Mọ́mì. Wọ́n pa ohùn tẹlifísàn. Lẹ́yìn náà wọ́n wá bi mí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí Mọ́mì ṣe máa ń ṣe tòlótòló. Mo sọ fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é, wọn kò gé apá rẹ̀ kan kúrò. Nígbà tí Dádì dé, wọ́n fi ìka lé ẹnu fún wọn. Wọ́n gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ sófà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ká ọwọ́ lé itan, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá fẹ́ wo ófùnù. Mi ò rí Màmá kí wọ́n jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìdílé kan tí a pè láti Forestville dé nígbà tí oúnjẹ jinná. Màmá ti rí mọ́tò wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn ìta kí wọ́n tó lè tẹ agogo, wọ́n ní ìyá ilé ń sùn, wọ́n kó abọ́ oúnjẹ tí wọ́n ti fi bébà fàdákà dì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́ pé wọ́n wá. Àwọn àlejò náà wo Dádì lẹ́yìn wọn. Dádì kò mọ ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Àwọn ènìyàn náà yí mọ́tò padà pẹ̀lú aṣọ àríyá lọ́rùn. Èmi àti Káyọ̀dé jẹ oúnjẹ Thanksgiving lórí àtẹ̀gùn, a ń rọra fi ṣíbí kan abọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Mọ́mì jí. Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo aago, wọ́n bi wá kí ló dé tí a kò jí àwọn. Wọ́n wá báàgì wọn. Nígbà tí wọ́n rí fóònù alágbèéká, tí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn lórí rẹ̀, ojú wọn yí padà.

"Màmá, ta ló gbé fóònù tilé?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní o ò ní wá."

"Ẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi," ni Mọ́mì sọ.

Màmá ní, "Bí mo bá béèrè, wàá lọ."

Mọ́mì ní àwọn ti ní ọkọ, àwọn ti bímọ, àwọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀yọ́. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn ti fi ọdún méjì kọ́, Màmá ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wó o. Màmá gé tòlótòló, wọ́n gbé e síwájú wọn. Mọ́mì kò tọ́ ọ wò. Wọ́n gòkè lọ, a sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó wà lórí fóònù.

Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní ipò náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí fóònù ọjọ́ yẹn ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe nítorí rẹ̀. Títí di Kérésì, èmi ni Mọ́mì àti Màmá ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀: sọ fún Màmá pé oúnjẹ ti délẹ̀, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́. Dádì bẹ Màmá pé kí wọ́n kàn sọ pé ẹ máà bínú, kí ilé lè rọgbọ. Àlùfáà wá, ó ka ẹsẹ Bíbélì. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n wá ní, "Bí wọ́n bá tún pè, n ó tún gbé e."

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò tokèé-tilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ó ń bí mi sí Màmá, torí oorun ọjọ́ kan tí wọ́n fún ìyá mi, oorun ọdún púpọ̀ ni ìyá mi fi san án. Mọ́mì ń ṣe iṣẹ́ òru títí mo fi kúrò nílé. Ó sì ń bí mi sí ilé-ìwòsàn tó ti fún ènìyàn láyè tán tó tún ń pè é. Nígbà mìíràn ó ń bí mi sí Mọ́mì pàápàá, torí pé òótọ́ ni Màmá sọ: wọn ì bá lọ. Màmá mọ ọmọ tí wọ́n bí. Ìyẹn kò wá fún wọn láṣẹ. Ibẹ̀ ni mo máa ń dé, n kì í lè kọjá ibẹ̀.

Òtútù wọ orúnkún Màmá nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nínú oṣù kẹwàá, lójú oorun. A lọ sin wọ́n, a gbọ́ ẹ̀rí gbogbo ènìyàn jẹ́jẹ́ yẹn, a padà wá. Thanksgiving ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́dún yẹn, Mọ́mì fúnra wọn ló yọ̀ǹda pé àwọn máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo bá wọn ní ilé ìdáná, wọ́n ti múra, wọ́n ń mu tíì lórí ìdúró. Mo bi wọ́n ní ohun tí mo ti fẹ́ bi wọ́n láti Ọ̀yọ́, pé ṣé wọ́n ti dárí ji Màmá.

Wọ́n ní, "Wọ́n ṣẹ̀ mí, Tọ́lá. N kò ní tìtorí pé wọ́n kú kí n wá sọ pé wọn kò ṣẹ̀ mí."

Mo ní ó yé mi. Wọ́n mu tíì wọn tán, wọ́n fọ ife, wọ́n dà á dé. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, èmi ni mò ń ṣọ́ ẹni tó ń sùn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnìkan ṣọ́ mi."

Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n sọ ìgbà tí mo máa yọ ẹran kúrò nínú ófùnù fún mi, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́.